Aṣọ tí wọn kò san owó rẹ̀ ni wọ́n fi jó lọ síwájú pẹpẹ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ọmọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Nyanya níbí máa ń bá mi tọ́jú tiyín sílẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ẹni tó jìnnà sílé kì í bínú sí oúnjẹ ilé pé ó tutù.

Lẹ́tà tí arákùnrin kan kọ láti Ìbàdàn, tí ẹ tẹ̀ jáde lóṣù tó kọjá, ló mú mi gbé kálámù. Ó ní ohun tó ba ayé jẹ́ ni pé àwa onígbàgbọ́ kò wàásù mọ́. Ó ní láyé àtijọ́, agogo ni wọ́n máa ń lù kiri àdúgbò ní ìdájí, tí wọ́n á máa ké pé kí a ronú pìwà dà, àmọ́ ní báyìí gbogbo wa ti ya odi. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó jọ pé arákùnrin wa kò tíì wọ bọ́ọ̀sì láti Mararaba lọ sí Wuse rí. Kí awakọ̀ tó ṣáná sí ọkọ̀, oníwàásù kan ti dìde dúró. Bí ìyẹn bá sọ̀ ní Nyanya, òmíràn á gba ipò rẹ̀ kí a tó dé Karu. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́fà ni mo lè kà láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, láì gbé ẹsẹ̀ kan. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa ní Àbújá. Nǹkan mìíràn ló wọ́n, mo sì fẹ́ sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa kan èmi náà.

Aránṣọ ni mí, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Láti 1994 ni mo ti ń ránṣọ ní Nyanya, nígbà tí wọn kò tíì pẹ́ tí wọ́n kó olú ìlú kúrò ní Èkó. Aṣọ ẹgbẹ́, aṣọ ìgbéyàwó, aṣọ akọrin, aṣọ òkú, kò sí èyí tí n kò rán. Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́, ẹ má wo ibi tó ń jókòó sí nínú ìjọ. Ẹ bi télọ̀ rẹ̀ léèrè. A mọ ìwọ̀n ikùn yín, a mọ ẹni tó ń gé ọjọ́ orí kù, a sì mọ ẹni tó ń sanwó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tó bá mọ ìtàn mọ̀ pé ibi tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá ti pàtẹ ní Òkè Ọya, kì í pẹ́ tí ìjọ Onítẹ̀bọmi fi ń yọjú níbẹ̀. Láti 1855 tí òyìnbó Bowen ti dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀rọ̀ Onítẹ̀bọmi ti wọ̀ wá lára. Àmọ́ ìyá bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ Bowen. Ilé ìwòsàn tí Dókítà George Green dá sílẹ̀ ní 1907 ló máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti gba ẹ̀mí rẹ̀ là nígbà tó ń rọbí àbúrò bàbá mi. Bí a bá bi í pé kí ló mú un di onígbàgbọ́, á ní, "Wọ́n tọ́jú mi kí wọ́n tó bi mí bóyá mo gbàgbọ́."

Bàbá mi akólòlò ni. Kò lè wàásù. Bí wọ́n bá ní kó gbàdúrà níjọ, àwa ọmọ rẹ̀ á máa làágùn nítorí rẹ̀. Kò sí nínú akọrin, kò sí nínú ìgbìmọ̀ kankan. Àtùpà, ìgò àtùpà àti tapólì ló ń tà ní ọjà Terminus, ọjà ńlá Jos tó jóná ní 2002. Alhaji kan ní Kano ló máa ń gbé ọjà fún un láwìn, kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. Ní 1983, Alhaji kú. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí bàbá mi tó gbọ́. Ó kó ₦340 sínú ìbọ̀sẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kano, èmi pẹ̀lú rẹ̀. Owó gidi ni ₦340 nígbà náà. Nígbà tí a dé ilé Alhaji, àwọn ọmọ rẹ̀ rò pé gbèsè la wá sìn, ojú wọn le. Bàbá mi fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ há a lọ́fun. Ó kólòlò títí ó fi sú u, ló bá bọ́ bàtà, ó yọ ìbọ̀sẹ̀, ó da owó sórí ẹní. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ rárá pé bàbá wọn ní owó kankan lọ́wọ́ ará Jos kan. Àgbà tó wà láàárín wọn wo owó, ó wo ẹsẹ̀ bàbá mi tí kò ní bàtà, ó ní, "Mai gaskiya." Olóòótọ́ ènìyàn. Orúkọ yẹn ni wọ́n ń pe bàbá mi ní ọjà Terminus títí ó fi fi Jos sílẹ̀.

Mo máa ń ronú sí ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ara wa yìí, ìgbàgbọ́. Iṣẹ́ télọ̀ ni pé kó máa tú aṣọ láti wo bí wọ́n ṣe rán an, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ náà wò: gbígbà wà nínú rẹ̀, gbígbọ́ wà nínú rẹ̀. N kò rí ṣíṣe níbẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gé e kúrú. Èmi kì í ṣe olùkọ́ èdè, ẹ má bínú.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀.

Ní ìparí oṣù kẹjọ 2024, ẹgbẹ́ obìnrin kan láti ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ gbé ańkárá wá bá mi. Àwọn méjìlélógójì ni wọ́n. Ìró àti bùbá, pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà lọ́rùn, ₦6,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦252,000. Wọ́n san ₦80,000 sílẹ̀. Akọ̀wé wọn, ọmọ dáadáa tí ẹnu rẹ̀ dùn, gbàdúrà lé ẹ̀rọ ìránṣọ mi lórí kí wọ́n tó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé aṣọ náà ni epo bẹntiróòlù fò láti ₦617 sí ₦897 lítà kan ní Àbújá níbí. Nígbà tí iṣẹ́ fi máa dé ọrùn, ní oṣù kẹwàá, ó ti di ₦1,030. Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ránṣọ mọ ohun tí mò ń wí. Mo lè pè wọ́n pé kí wọ́n fowó kún un. N kò pè wọ́n, nítorí a ti jọ sọ ọ́. Ìyàwó mi ní òmùgọ̀ ni mí, ó sì ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìkórè wọn ni mo kó aṣọ lé wọn lọ́wọ́. Gbogbo télọ̀ ló mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é: bí owó kò bá tíì pé, aṣọ kì í kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ìkórè Olúwa ni. Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ibẹ̀ la ó ti yanjú gbogbo ẹ̀."

Mo fi ìjọ tèmi sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, mo lọ jókòó sẹ́yìn níbi tiwọn, láàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ. Nígbà tí wọ́n pe ẹgbẹ́ náà, ìlù sọ, àwọn méjìlélógójì bọ́ síta. Olóòtú, aṣọ náà wù mí, n kò ní parọ́. Mò ń kà wọ́n bí wọ́n ti ń jó kọjá: ọwọ́ tèyí ló fún mi níyọnu, etí ìró tọ̀hún ni mo tú lẹ́ẹ̀mejì, ẹni yìí ti sanra láti ìgbà tí mo ti wọ̀n ọ́n. Wọ́n jó dé iwájú pẹpẹ. Ẹni tó ń darí ètò ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, gbogbo ìjọ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá ẹgbẹ́ gba ẹ̀rọ, ó fi ₦200,000 jẹ́jẹ̀ẹ́. Ìjọ pariwo Halelúyà. Èmi náà ti bá wọn pariwo kí n tó rántí pé ₦172,000 ni gbèsè tí wọ́n jẹ mí.

Lẹ́yìn ìsìn, mo fi ọ̀wọ̀ sún mọ́ akọ̀wé. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá náà! Ọjọ́ ìsinmi mà nìyí. A kì í sọ̀rọ̀ owó lọ́jọ́ ìsinmi."

Ó lé ní wákàtí méjì tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ owó kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, orí WhatsApp la ti ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Bí mo bá béèrè owó, á fi àdúrà ránṣẹ́, òdòdó pupa á yí i ká: "Olúwa á pèsè fún yín, Bàbá." Èmi á kọ "Àmín", màá sì fi nọ́ńbà àkáǹtì mi sísàlẹ̀ rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń gbé ẹsẹ Bíbélì tuntun sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí n ka ìwé Òwe tán lójú fóònù ọmọ yìí. Orí kẹta, ẹsẹ kejìdínlọ́gbọ̀n nìkan ni n kò tíì rí níbẹ̀, ibi tó ní kí a má ṣe sọ fún aládùúgbò wa pé kó lọ, kó padà wá lọ́la, nígbà tí ohun tó ń béèrè wà lọ́wọ́ wa.

Nínú oṣù kejìlá, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wọ ṣọ́ọ̀bù mi nírọ̀lẹ́. Ó wà lára àwọn tó ń gbá títì nínú ìlú, ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Òun kì í ṣe ẹlẹ́nu dídùn. Ó gbé ọ̀rá kan lé orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Aṣọ ẹgbẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a bí ìgbà tí a fẹ́ kó o lọ sílé ìyàwó. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé wọn kò tíì san owó mi ni. Ó ní láti oṣù kẹsàn-án ni òun ti san ₦6,000 tòun, gbogbo wọn ló san án, àmọ́ kánópì àti àwọn onílù ni wọ́n ná an sí.

Mo ní, "Ìyá, ẹ ti san tiyín. Aṣọ yín ni, ẹ máa mú un lọ."

Ó mi orí. Ó ní, "Ó ń jó mi lára, Bàbá. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ títí wọ́n á fi san án."

Bó ṣe dìde láti lọ, ó rí ègé aṣọ nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà wọ́n sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí mi, bóyá nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára. Ó ní kí n kí ìyá ilé. Kò dárúkọ Jésù rárá. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ fún ìgbà pípẹ́, n kò rán nǹkan kan.

N kò mọ ohun tó lọ sọ fún àwọn yòókù. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mẹ́jọ mìíràn ti dá tiwọn padà. Nígbà tó di ìsìn ìdúpẹ́ ìparí ọdún tí gbogbo ẹgbẹ́ múra, mẹ́sàn-án nínú wọn wọ aṣọ ilé. Mo gbọ́ pé olùṣọ́ àgùntàn wọn béèrè ohun tó dé. Nínú oṣù kìíní, ₦100,000 wọ àkáǹtì mi, kò sí àdúrà kankan nídìí rẹ̀. Ó ku ₦72,000.

Bí mo bá fi ọ̀rọ̀ mọ síbí, ẹ ó rò pé ẹni rere ni mí. Ẹ dúró.

Ọnà tó wà lọ́rùn aṣọ méjìlélógójì yẹn, èmi kọ́ ni mo ṣe é. Málàm kan, ọmọ Katsina, tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ọnà sí bàbàńrígà, ló ṣe é. Láti 2011 la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, 14 oṣù kẹrin 2014, nígbà tí bọ́ǹbù bú ní gáréèjì Nyanya, tó pa ènìyàn tó lé ní àádọ́rin, gáréèjì yẹn gan-an ni mo máa ń gbà kọjá láàárọ̀. Olúwa ló yọ mí, oorun ló gbé mi lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi láti wò bóyá mo wà láàyè, Málàm ni, bàtà ẹyọ kan lẹ́sẹ̀. Àwọn ará ìjọ mi náà wá o, wọ́n ṣeun. Ọ̀sán ni wọ́n wá.

₦800 lórí ọrùn kan ni àdéhùn wa, àpapọ̀ ₦33,600. Mo fún un ní ₦10,000 nínú owó àsansílẹ̀. Ìyókù, mo ní kó ṣe sùúrù, wọn kò tíì san tèmi. Ó ṣe sùúrù. Oṣù kọkànlá wọlé, ó jáde. Òótọ́ ni mo sọ fún un, àmọ́ òótọ́ kì í ra gàrí. Òun ńkọ́, tó jẹ́ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ obìnrin kankan ló bá dá àdéhùn? Èmi ló bá dá a.

Nínú oṣù kejìlá kan náà, ìjọ tèmi ṣe ọ̀sẹ̀ ìjíhìnrere. Wọ́n pín ìwé pélébé fún wa, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Yorùbá àti ti Haúsá, wọ́n ní kí kálukú lọ wá ọkàn kan wá. Mo ronú ẹni tí mo lè fún ní ti Haúsá. Ta ni ì bá tún jẹ́? Mo lọ bá Málàm nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, mo béèrè ilé, mo béèrè ọmọ, mo na ìwé sí i, mo sì sọ fún un pé Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣí i láàárín bí ẹni pé nǹkan máa já bọ́ níbẹ̀. Ó ní:

"Na gode, Baba. To, kuɗina fa?"

Ó dúpẹ́, owó òun ńkọ́? Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá ti fi ìbínú sọ ọ́, màá rí nǹkan dì mú. Ẹ̀rín ló rín. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù, mo ti gbọ́ ti òyìnbó, mo ti gbọ́ ti àwọn tó ń fi agbára Ẹ̀mí gbọn àga. Kò sí èyí tó gún mi tó ìbéèrè yẹn.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi, ₦30,000 wà níbẹ̀ tí mo ti ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ láti san ẹ̀jẹ́ ìkórè mi níjọ tiwa. Gbogbo wa la mọ ohun tí Jésù wí nínú Matiu orí karùn-ún: bí o bá ti mú ọrẹ rẹ dé ibi pẹpẹ, tí o wá rántí pé arákùnrin rẹ ní ọ̀ràn kan sí ọ, fi ọrẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kí o kọ́kọ́ lọ bá a parí rẹ̀. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ ìjà àti ìdáríjì ni wọ́n máa ń sọ ọ́ sí. N kò tíì gbọ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ sí ọ̀rọ̀ gbèsè. Mo ka ₦23,600, mo gbé e lọ fún Málàm nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó kà á, ó tún un kà, ó fi sábẹ́ fìlà, ó ní kí Ọlọ́run bù sí i. Ìwé pélébé mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ya àwòrán ọnà ọrùn tuntun sẹ́yìn rẹ̀. Ọnà náà sì dáa.

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù kìíní, wọ́n ka orúkọ àwọn tí kò tíì san ẹ̀jẹ́ ìkórè. Tèmi ló ṣìkejì. Ìyàwó mi wò mí, mo wo àjà. Lẹ́yìn ìsìn, mo lọ rò ó fún olùṣọ́ àgùntàn wa bó ṣe jẹ́. Ó gbọ́ ọ títí, kò sọ nǹkan kan. Ó mú bírò, ó fagi lé orúkọ mi, ó ní, "Ẹ máa san án nígbà tí apá bá ká a, Bàbá." Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọn kò ka orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. N kò sọ pé èmi ni mo fà á.

Olóòtú, mo mọ ohun tí àwọn kan máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní oore-ọ̀fẹ́ la fi gbà wá là nípa ìgbàgbọ́, kì í ṣe nípa iṣẹ́. Mo gbà. Éfésù orí kejì ni, ẹsẹ kẹjọ àti ìkẹsàn-án. Kí wọ́n ṣáà bá mi ka ìkẹwàá mọ́ ọn, ibi tó ti ní iṣẹ́ rere la dá wa fún nínú Kristi. Àwọn mìíràn á ní ìjọ àwọn kò fi iṣẹ́ rere ṣeré. Òótọ́ ni. Kérésìmesì tó kọjá, ìrẹsì tí wọ́n pín ní agbègbè wa kò kéré, mo sì yìn wọ́n. Àmọ́ máìgádì kan mú ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀ wá kí n bá òun lẹ̀ ẹ́. Ó fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù, òun ló gbé àpò ìrẹsì lérí lẹ́yìn àwọn àgbààgbà ìjọ. Ó ní oṣù méjì ni ìjọ tó gba òun síṣẹ́ kò tíì san owó oṣù òun. Owó náà kò sì tó ìdajì ₦70,000 tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù keje 2024 pé kí owó oṣù òṣìṣẹ́ má ṣe dín sí. Ọrẹ ni ìrẹsì jẹ́. Gbèsè ni owó oṣù. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Jákọ́bù orí kejì ni gbogbo wa mọ̀ sórí, pé òkú ni ìgbàgbọ́ tí kò bá ní iṣẹ́. A fẹ́ràn ibẹ̀ nítorí a lè fi ìrẹsì dá a lóhùn. Orí karùn-ún ni ẹnikẹ́ni kì í ka ẹsẹ rẹ̀ sórí sítátọ́ọ̀sì: owó ọ̀yà àwọn alágbàṣe tí wọ́n dù, tó ń ké, tí igbe rẹ̀ sì ti wọ etí Olúwa. Nínú òfin Mósè pẹ̀lú, Deuteronomi orí kẹrìnlélógún, wọ́n ní kí oòrùn má ṣe wọ̀ bá owó iṣẹ́ tálákà lọ́wọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́, ìbáà jẹ́ ará ilé tàbí àlejò. Àlejò wà nínú rẹ̀ o. Ẹ wo Sákéù náà. Kò kọrin, kò jẹ́rìí sí bó ṣe gorí igi síkámórè. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni ìṣirò: ìdajì ohun ìní fún tálákà, ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí òun bá ti rẹ́ jẹ. Ẹ̀yìn ìṣirò yẹn ni Jésù ní ìgbàlà wọ ilé yìí lónìí.

Mo ṣí ìwé gbèsè mi nígbà tí mò ń kọ lẹ́tà yìí. Orúkọ mọ́kànlélógún ló wà níbẹ̀, mẹ́tàdínlógún nínú wọn ló ń jẹ́ orúkọ inú Bíbélì. Kí n má parọ́ mọ́ wa, onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, kò sí bí kò ṣe ní rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo rántí bàbá mi, akólòlò, nínú ilé àlejò ní Kano, tó ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ kí arákùnrin wa ní Ìbàdàn bá mi ro ti èyí mọ́ ti agogo ìdájí rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá máa tẹ lẹ́tà yìí, ẹ má kọ orúkọ mi sí i, nítorí ₦72,000 ṣì wà níta. Akọ̀wé pè mí láná. Ó ní Àjíǹde ń bọ̀, wọ́n fẹ́ rán aṣọ funfun, ṣé màá ṣe é fún wọn. Mo ní màá ṣe é, kó kọ́kọ́ wá kó aṣọ mẹ́sàn-án tó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù mi lọ fún àwọn tó ni wọ́n. Ó ní òun á fi í sádùúrà. Mo ti fi káńfọ̀ sáàárín aṣọ náà kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ìyá tó ń gbá títì máa ń yọjú wò ó bó bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, kì í wọlé.

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Àwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí àti tiwa onígbàgbọ́ bọ́ sí àsìkò kan náà lọ́dún yìí. Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀, Málàm sì ti ń bo ẹ̀rọ rẹ̀. Ọrùn agbádá mẹ́ta ló bá mi ṣe lónìí. Ẹ jẹ́ kí n lọ ka owó rẹ̀ fún un kó tó gba omi sẹ́nu.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Télọ̀,
Nyanya, Àbújá.
Oṣù kẹta, 2025.